Gíláàsì Le, Ṣùgbọ́n Kò Yi: Ẹ Yé Dá Ọwọ́ Ìyá Ọlọ́jà Lẹ́bi

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí ètè gbogbo wa ń bó, POS àǹtí mi já bọ́ láti orí tábìlì. Àbúrò màmá mi ni. Abẹ́ agboòrùn kan nítòsí Ìwó Road, n'Ìbàdàn, ló ti ń ṣe POS, tábìlì rẹ̀ kò sì ga ju ìbàdí lọ. Ó ní òun ń ka owó fún dírẹ́bà kan lọ́wọ́ ni apá òun gbá ẹ̀rọ náà. Kọ́ńkéré ló bọ́ lé. Nígbà tó fi máa gbé e, ojú rẹ̀ ti sán káàkiri bí òwú aláǹtakùn.

Bọ̀dá tó wá gba ẹ̀rọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó ní, “Mummy, ọwọ́ yín ni o. Ẹ ò mú un dáadáa.” Wọ́n gba ₦35,000 lọ́wọ́ rẹ̀ láti pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ. Ọjọ́ 9 ló fi jókòó láìrí nǹkan ṣe, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Owó yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé àǹtí mi gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ohun tó ń sọ fún un ni pé, “Ọwọ́ mi ni ò dúró sójú kan.”

Èmi ò gbà. Irin, ike àti gíláàsì, bí wọ́n ṣe lágbára tó àti ìdí tí wọ́n fi ń fọ́, ni mò ń kọ́ ní yunifásítì fún oyè másítà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní gíláàsì àtijọ́ náà dípò kí wọ́n jù ú nù. Mo gbé e lọ sí yàrá ìwádìí wa, mo fi í sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Tí gíláàsì bá fọ́, èèyàn lè tọ àwọn ìlà tó sán padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Gbogbo ìlà inú gíláàsì yẹn padà sí ojú kan ṣoṣo, nítòsí igun. Àpá kékeré kan wà níbẹ̀, kò hàn sí ojú lásán. Eruku ti dì sínú rẹ̀ pinpin. Ẹ gbọ́, eruku ò lè dì báyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ fi ṣubú. Àpá yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyí: ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀rọ tó ń fọ́ lọ́wọ́ wa, ọjọ́ tó ṣubú kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹni tó sì yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè kì í ṣe ìyá ọlọ́jà. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì wá sínú ọjà ni.

Ọ̀tọ̀ ni le, ọ̀tọ̀ ni yi

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí fún wa kí a tó dé yunifásítì. Ẹ wo pọ̀nmọ́. Pọ̀nmọ́ yi, ṣùgbọ́n kò le. Ẹ lè fi eyín fà á títí, yóò máa tẹ̀, yóò máa nà, kò ní já. Ẹ wá wo ìkòkò amọ̀. Ìkòkò le, ṣùgbọ́n kò yi. Èékánná yín ò lè ha á, àmọ́ ẹ jẹ́ kó bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìkòkò ni gíláàsì bá tan, kì í ṣe pọ̀nmọ́. Tí ẹ bá lu irin, àwọn átọ̀mù inú rẹ̀ lè yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí ara wọn, irin á tẹ̀, á sì gbé agbára yẹn mì. Átọ̀mù inú gíláàsì ò lè yẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára tó bá dé bá a, ṣe ló ń wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde.

Àwọn tó ń polówó fóònù mọ èyí. Wọ́n á sọ pé gíláàsì àwọn le, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Àwa tó ń rà á la máa ń gbọ́ “ó le” tí a ó rò pé “ó yi” ni wọ́n wí.

Aláǹgbá àti ògiri

Ní ọdún 1921, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, A. A. Griffith, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí a ṣì ń kà ní kíláàsì títí dòní. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: tí a bá ṣírò agbára tó so átọ̀mù gíláàsì pọ̀, ó yẹ kí gíláàsì lágbára ju bó ṣe ń ṣe lójú ayé lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Kí ló wá ń mú un fọ́ ní kíá? Griffith fa gíláàsì di okùn, ó sì rí i pé bí okùn náà ṣe ń tín-ín-rín sí i ló ń lágbára sí i. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé gíláàsì lásán kún fún àpá kéékèèké tí ojú ò rí. Etí àpá wọ̀nyẹn ni agbára máa ń kórajọ sí.

Ẹ̀yin náà ń lo ìmọ̀ yìí lójoojúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mu pure water, ẹ kì í fa ọ̀rá náà ya láti àárín. Igun lẹ ó fi eyín gé díẹ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ta aṣọ náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé etí ankara bíńtín, wọ́n á wá fà á pẹ́rẹ́. Gígé kékeré yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Kọ́ńkéré Ìwó Road ni aláǹgbá nínú ọ̀rọ̀ àǹtí mi. Ṣùgbọ́n kí ló la ògiri?

Iyanrìn ni

Friedrich Mohs, ará Jámánì, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní ọdún 1812 láti fi mọ òkúta tó lè ha òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó parí sí 10, níbi tí dáyámọ́ńdì wà. Gíláàsì lásán wà ní nǹkan bíi 5.5, gíláàsì fóònù sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ kò ju nǹkan bíi 3 lọ. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ inú àpò yín kì í fi í sábà ha fóònù, bí ẹ tilẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti iyanrìn. Quartz ló pọ̀ jù nínú iyanrìn, 7 sì ni quartz lórí òṣùwọ̀n Mohs. Eyọ kan ṣoṣo tó bá wà láàárín ojú fóònù àti àpò ṣòkòtò yín ti tó láti kọ ìlà sí i lára.

Nígbà ọyẹ́, kì í ṣe iyanrìn ilẹ̀ wa nìkan là ń bá jà. Afẹ́fẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀, pàápàá láti ibi kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí eruku ti ń gbéra jù lọ láyé. Quartz wà nínú eruku yẹn pẹ̀lú. Ó ń bà sórí tábìlì àǹtí mi láàárọ̀. Ohun tí òun náà sì máa ń ṣe ni pé á fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ náà, ní gbígbẹ, kó lè mọ́. Ìmọ́tótó ló rò pé òun ń ṣe. Ta ló sọ fún un pé ó ń yún gíláàsì ni?

Danfo tó kún

Ẹ lè ní, “Ṣebí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì tó lágbára báyìí?” Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ náà sì dára. Wọ́n á ri gíláàsì bọ inú iyọ̀ pọtásíọ̀mù tó ti yọ́, tó gbóná tó nǹkan bíi 400°C. Sódíọ̀mù tó wà lójú gíláàsì á jáde, pọtásíọ̀mù á wọ àyè rẹ̀. Pọtásíọ̀mù sì tóbi ju sódíọ̀mù lọ.

Ẹ fojú inú wo danfo. Ẹni mẹ́ta tín-ín-rín jókòó lórí àga kan. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹni mẹ́ta tó sanra gba ipò wọn. Gbogbo wọn há mọ́ra wọn gádígádí, kò sí àlàfo. Bí ojú gíláàsì náà ṣe há mọ́ra nìyẹn. Kí àpá tó lè là síwájú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí híhá yẹn. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ń ṣe Gorilla Glass ti ilé-iṣẹ́ Corning, tó di gbajúmọ̀ lẹ́yìn tí iPhone àkọ́kọ́ jáde ní 2007.

Ṣùgbọ́n ojú lásán ni híhá náà mọ. Lára ọ̀pọ̀ gíláàsì fóònù, kò jìn ju bí irun orí ṣe nípọn lọ púpọ̀. Inú gíláàsì lọ́hùn-ún kò há mọ́ra, ṣe ló ń fà á síta. Tí òkúta ṣóńṣó kan bá gún àpá kan débẹ̀, ó parí. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi lè ṣubú sórí táìsì pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìṣe nǹkan, kó wá ṣubú lẹ́ẹ̀kan sójú ọ̀dà tó rí ṣágiṣàgi kó fọ́ yángá.

Kí ló wá lè mú ojú ẹ̀rọ yi?

Gíláàsì tó túbọ̀ le nìkan kò lè ṣe é. Sapphire wà ní 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs, iyanrìn ò lè ha á, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì yi. Ohun tó ń gba ojú ẹ̀rọ là ni gbogbo nǹkan tó yí i ká.

Àkọ́kọ́ ni etí rẹ̀. Tí etí ẹ̀rọ bá yọ ju gíláàsì lọ díẹ̀, tó sì jẹ́ rọ́bà, ilẹ̀ ni rọ́bà máa kọ́kọ́ bá pàdé. Rọ́bà yi, yóò tẹ̀, yóò fa àkókò ìkọlù náà gùn, agbára tó máa dé ọ̀dọ̀ gíláàsì á sì dín kù.

Èkejì ni àlàfo. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, afẹ́fẹ́ wà láàárín gíláàsì òkè àti ojú tó ń tan ìmọ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n lè fi gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara dí àlàfo yẹn. Gíláàsì á wá ní ohun tó ń tì í lẹ́yìn, eruku ò ní ráyè wọlé, oòrùn náà ò sì ní máa tàn padà sójú èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ti oòrùn yẹn ṣe pàtàkì o. Ẹ wo àǹtí mi bó ṣe ń ṣiṣẹ́: torí pé kò rí ojú ẹ̀rọ nínú oòrùn, á gbé e sókè, á fi ọwọ́ ṣíji bò ó, á yí i sọ́tùn-ún sósì. Bó ṣe ń ṣe é fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀rọ tí a kò lè kà lórí tábìlì, a ó máa gbé e ni. Ohun tí a bá sì ń gbé nígbà gbogbo, yóò bọ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni ike. Ike tí wọ́n ń pè ní polycarbonate, èyí tí wọ́n fi ń ṣe apata ọlọ́pàá, yi gan-an. Iyanrìn máa ha á kíákíá, ṣùgbọ́n kò ní fọ́ yángá sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Fún ẹ̀rọ kan tí bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀, kí ló dé tí gíláàsì fi gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀?

Ẹ béèrè nọ́ńbà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ̀rọ tó wúwo tó ìdajì kílò, tó já bọ́ láti orí tábìlì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 75, kò gbé ju nǹkan bíi júùlù 3.7 délẹ̀. Òṣùwọ̀n àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní IK, tó ń sọ bí ìkọlù tí ara ẹ̀rọ lè gbà ṣe tó. IK08 ń tọ́ka sí júùlù 5, bí ìgbà tí òòlù kílò 1.7 bá já lù ú láti sẹ̀ǹtímítà 30. IK10 jẹ́ júùlù 20. Òṣùwọ̀n IP wà pẹ̀lú fún eruku àti omi: tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 6, eruku ò lè wọlé.

Mi ò ní ẹ̀rọ tó ní IK08 kò ní fọ́ láé. Òòlù tó lu ẹ̀rọ tó dúró sójú kan yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó fi igun gbá òkúta. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká béèrè ti ìjábọ́ náà lọ́tọ̀. Níbẹ̀ náà, ẹ la ojú yín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kọ “MIL-STD-810” sára páálí, òṣùwọ̀n àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Nínú ìdánwò ìjábọ́ rẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ jù, ẹ̀rọ á já bọ́ nígbà 26 láti mítà 1.22. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n orí pákó plywood tí wọ́n tẹ́ sórí kọ́ńkéré ló ń bọ́ lé, ìwé òfin náà sì gbà kí wọ́n pín ìjábọ́ 26 yẹn sára ẹ̀rọ tó tó 5. Ẹ̀rọ àǹtí mi kò ní arákùnrin mẹ́rin tó lè bá a pín tirẹ̀, kò sì sí plywood ní Ìwó Road.

Ooru náà ńkọ́? Apple fúnra rẹ̀ sọ pé ibi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 0 sí 35°C ni kí a ti máa lo iPhone. Ní ọ̀sán oṣù kejì tàbí ìkẹta n'Ìbàdàn, nǹkan tó wà lójú oòrùn máa ń gbóná ju 35 lọ dáadáa. Mi ò bú wọn, wọ́n sọ òótọ́ ibi tí ẹ̀rọ wọn mọ. Ohun tí mò ń bi àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún iṣẹ́ ọjà, oko àti ilé-ìwé ni pé: ṣé ẹ̀yin ka ìwé náà kí ẹ tó sanwó?

Torí kì í ṣe POS nìkan. Ní ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ sí fún àwọn ọmọ girama àgbà. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ọpọ́n gidi, igi ni. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ babaláwo, á gbé e, á nu ìyẹ̀rosùn kúrò, iṣẹ́ á máa lọ. Tí a bá máa fi gíláàsì ṣe ọpọ́n fún ọmọ ọdún 15, ó yẹ ká béèrè bó ṣe yi tó kí a tó béèrè iye ìwé tó lè gbà. Ó ṣeé ṣe. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà XO fún àwọn ọmọdé, tí wọ́n gbé wá dánwò ní Abuja ní 2007, fi ike tó nípọn tó mìlímítà 2 ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ojú tó ṣeé kà nínú oòrùn. Wọ́n kọ́kọ́ ronú ibi tí ọmọ náà ń gbé kí wọ́n tó yàwòrán ẹ̀rọ.

“Ó máa wọ́n jù”

Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn. Òótọ́ sì ni, ẹ̀rọ tó yi máa ń wọ́n ju èyí tí kò yi lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń san ìyàtọ̀ owó náà báyìí? Àǹtí mi ni, pẹ̀lú ₦35,000 àti ọjọ́ 9. Tí ẹni tó ra ẹ̀rọ bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ló máa sanwó tó bá fọ́, kí ló máa sún un ra èyí tó yi? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó ra ẹ̀rọ fún ọjà ló máa ru ìnáwó àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ bá sán. Ẹ ó rí i pé láàárín ọdún kan, etí rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára POS.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ ran ara yín lọ́wọ́. Ẹ fi screen guard sí i, kì í ṣe fún oge: òun ló máa gba àpá dípò gíláàsì. Tó bá ti ha, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má nu eruku ọyẹ́ ní gbígbẹ. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò ná, kí ẹ tó fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ún. Ẹ gbọn àpò yín tí ẹ bá dé láti etí òkun. Ẹ tẹ́ fóòmù tàbí àkísà tó nípọn sí ẹsẹ̀ tábìlì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Mo fi fọ́tò tí mo yà lábẹ́ máíkírósíkóòpù han àǹtí mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́.

“Ṣé iyanrìn ló ṣe gbogbo èyí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ma.”

“Kó tó ṣubú?”

“Kó tó ṣubú.”

Ó dá fóònù padà fún mi, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, “Ó dáa. Kí wọ́n dá owó mi padà nìyẹn.”

Wọn ò tíì dá a padà. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ kó tún sọ pé ọwọ́ òun ni mọ́.